Láti Orí Káàdì Oníhò: Ìtàn Iṣẹ́ Dátà àti Àwọn Tí Ó Kọ́ Ọ

Láyé ìgbà tí owó ẹyọ ni wọ́n ń ná ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ gidi ni owó kíkà. Àwọn tí ó gbówọ́ nínú rẹ̀ kì í kà á ní oókan-oókan bí ọmọdé. Ẹyọ márùn-ún ni wọ́n ń fà sọ́dọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Márùn-ún lọ́nà mẹ́rin di ogún, ogún lọ́nà márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì sì di òkìtì kan, èyíinì ni igba. Bí wọ́n bá sín owó náà sí okùn, ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Bí okùn kan ṣoṣo bá dín ní ẹyọ méjì, gbogbo ọ̀kẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ti ṣìnà, bí ó ti wù kí àpò náà wúwo tó.

Kí á kó nǹkan jọ, kí á tò ó, kí á ṣírò rẹ̀, kí á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé: èyí náà ni iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ lónìí ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ lábẹ́ orúkọ Data Processing, èyí tí a lè pè ní iṣẹ́ dátà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ayára-bí-àṣá ni ó bí iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ náà dàgbà ju ẹ̀rọ náà lọ dáadáa.

Ìkànìyàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ènìyàn ń gba owó oṣù lé lórí. Òfin ilẹ̀ náà pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa ka àwọn ará ìlú ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ní ọdún 1880, wọ́n ka ènìyàn tí ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 50. Kíkà náà kọ́ ni ó le, bí kò ṣe títò rẹ̀. Ojú ni àwọn akọ̀wé fi ń wo ìwé kọ̀ọ̀kan, gègé ni wọ́n sì fi ń fa ìlà sí orí ìwé mìíràn: ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, àgbẹ̀ mélòó, àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè mélòó. Ó lé ní ọdún méje kí wọ́n tó parí rẹ̀. Nígbà náà, ìkànìyàn ti ọdún 1890 ti ń kan ilẹ̀kùn, àwọn ènìyàn sì ń pọ̀ sí i. Ẹ̀rù ń ba àwọn aláṣẹ pé ìkànìyàn tí ń bọ̀ kò ní tíì parí kí èyí tí ó tẹ̀ lé e tó dé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Herman Hollerith, tí wọ́n bí ní ìlú Buffalo ní ọdún 1860, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ nínú ìkànìyàn 1880 yìí. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ibẹ̀, Dókítà John Shaw Billings, ni ó sọ létí rẹ̀ pé ó yẹ kí ẹ̀rọ kan wà tí yóò máa ṣe irú iṣẹ́ agara bẹ́ẹ̀. Hollerith kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ó rí bí àwọn ayẹtíkẹ́ẹ̀tì-wò ṣe ń lu ihò sí ara tíkẹ́ẹ̀tì láti fi júwe ẹni tí ó ni ín, bí irun orí rẹ̀ ti rí, bí ojú àti imú rẹ̀ ti rí, kí ẹlòmíràn má baà fi tíkẹ́ẹ̀tì náà wọkọ̀. Ihò lásán ti di ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1889, ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ó ṣe.

Ẹlòmíràn ti fi ihò sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1804, ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, Joseph Marie Jacquard ṣe òfì kan tí ń hun aṣọ olóòdòdó fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Ìṣẹ́yìn yóò tètè lóye ohun tí Jacquard ṣe. Orí ahunṣọ ni batànì aṣọ òfì wà. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń bá a rántí rẹ̀. Jacquard gbé batànì kúrò lórí ahunṣọ, ó fi í sórí àwọn páálí oníhò tí a so mọ́ ara wọn, òfì náà sì ń tẹ̀ lé páálí wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ahunṣọ ìlú Lyon bínú sí i gidigidi. Kò sì yẹ kí á dá wọn lẹ́bi, nítorí ohun tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ kọ́ ni wọ́n rí lórí páálí tí ẹnikẹ́ni lè rà.

Ẹ̀rọ Hollerith rọrùn láti lóye. Káàdì kan ni ti ènìyàn kan. Ibi tí wọ́n lu ihò sí lórí káàdì ni ó ń sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ibi tí wọ́n ti bí i. Òṣìṣẹ́ yóò fi káàdì sí abẹ́ ẹ̀rọ, yóò sì fa ọwọ́ ẹ̀rọ náà wálẹ̀. Àwọn irin tín-ín-rín yóò sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí kò bá sí ihò, irin yóò dúró lórí páálí. Ibi tí ihò bá wà, irin yóò gba ibẹ̀ kọjá, yóò kan mákúrì inú ife kékeré tí ó wà nísàlẹ̀, iná mànàmáná yóò sì kọjá. Lẹ́sẹ̀kan náà ni ọwọ́ ojú aago kan yóò sún síwájú ní ẹyọ kan, agogo yóò dún, ìdérí àpótí kan yóò sì ṣí kí òṣìṣẹ́ lè ju káàdì náà sínú rẹ̀. Ó wà tàbí kò sí: gbogbo ọgbọ́n náà kò ju báyìí lọ. Babaláwo tí ń fi ìka tẹ ìyẹ̀rosùn, ọ̀kan tàbí méjì, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, tí èyí sì fún un ní odù 256, kò ní rí ohun àjèjì níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣejù ni ti àwọn tí ń sọ pé Ifá ni baba ayára-bí-àṣá.

Nígbà tí ìkànìyàn 1890 dé, láàárín oṣù díẹ̀ ni wọ́n ti mọ àpapọ̀ iye àwọn ènìyàn: ó lé ní mílíọ̀nù 62. Hollerith dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1896. Ilé-iṣẹ́ náà dara pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn ní 1911. Ní 1924, wọ́n sọ àpapọ̀ náà ní IBM, orúkọ tí ó ń jẹ́ dòní.

Láti ìgbà yìí lọ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí ẹ̀ka-ẹ̀ka. Àwọn alukáàdì ni wọ́n pọ̀ jù, obìnrin sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹnìkan jókòó ti ẹ̀rọ tí ó dà bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ń wo ìwé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ó sì ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ihò ń dá sí káàdì. Láti ọdún 1928, ọ̀wọ́ 80 ni ó wà lórí káàdì IBM, lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kan fún ọ̀wọ́ kan. Lẹ́yìn alukáàdì ni olùyẹ̀wò. Ẹlòmíràn ni èyí gbọ́dọ̀ jẹ́. Yóò tún ìwé kan náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sí orí káàdì tí wọ́n ti lu, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tirẹ̀ kì í lu ihò. Bí ohun tí ó tẹ̀ bá bá ihò mu, káàdì ń lọ. Bí kò bá bá a mu, ẹ̀rọ náà yóò dúró gbọnin, iná pupa yóò sì tàn. Káàdì tí ó bá yege ni ẹ̀rọ yóò gé létí díẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ ọ́n. Ohun tí olùyẹ̀wò ń ṣe ń náni lówó, ó ń fi iṣẹ́ kan náà ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, síbẹ̀ kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe tí ó jẹ́ yọ ọ́ kúrò.

Nígbà tí ayára-bí-àṣá gan-an dé, tí àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà gba UNIVAC ní 1951, tí ilé-iṣẹ́ oúnjẹ Lyons ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ LEO ṣe ìṣirò ọjà rẹ̀ ní ọdún kan náà, káàdì oníhò kò kú. Ó di oúnjẹ ẹ̀rọ tuntun náà. Àwọn iṣẹ́ mìíràn sì tún yọ: ẹni tí ń darí ẹ̀rọ, akọ̀wé tí ń gba ìwé wọlé tí ń ka iye wọn, ẹni tí ń kọ ìtọ́ni fún ẹ̀rọ, àti ẹni tí ń lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì tí ń wádìí bí iṣẹ́ ti ń lọ kí ó tó sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe gbà á ṣe. COBOL, èdè tí wọ́n gbé kalẹ̀ láàárín 1959 àti 1960, ni ó ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìkẹta yìí fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò gíga. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán ni wọ́n fi ń kọ ọ́, èrò Grace Hopper, obìnrin kan nínú iṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó sì pọ̀ nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ ti ń pèsè iṣẹ́ ni ó ń jẹ iṣẹ́. Dorothy Vaughan, obìnrin aláwọ̀ dúdú, jẹ́ ọ̀gá àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ń fi ọwọ́ ṣe ìṣirò fún ìwádìí ọkọ̀ òfurufú ní Langley ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 1949. Nígbà tí ayára-bí-àṣá wọ ibẹ̀, ó hàn gbangba pé ohun tí wọ́n ń fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe ni ẹ̀rọ náà yóò máa fi wákàtí díẹ̀ ṣe. Vaughan kò dúró de ìgbà tí wọn yóò lé òun lọ. Ó kọ́ èdè FORTRAN, ó sì kọ́ àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ahunṣọ ìlú Lyon kò rí olùkọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìkànìyàn kan náà ni ó gbé ayára-bí-àṣá wọ Nàìjíríà. Ní 1962, wọ́n ka àwọn ará ilẹ̀ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí iye tí ẹkùn kọ̀ọ̀kan mú wá, nítorí orí iye ènìyàn ni wọ́n ń pín àga ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lé. Olórí Ìjọba, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, fagi lé e, wọ́n sì tún un kà ní oṣù kọkànlá ọdún 1963. Ìṣirò ìkànìyàn yìí ni iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ gbé ayára-bí-àṣá àkọ́kọ́ wá sí ilẹ̀ yìí ní 1963. Iye tí wọ́n kéde ní 1964 lé ní mílíọ̀nù 55. Ìjọba Ẹkùn Ìlà-Oòrùn kò gbà. Ó gbé e lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, wọ́n sì da ẹjọ́ náà nù.

Ibí yìí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ dátà ti fara balẹ̀. Bí akànìyàn kan bá kọ ogún ọmọ sílẹ̀ fún ilé tí ó ní ọmọ mẹ́ta, alukáàdì yóò lu ogún. Olùyẹ̀wò yóò tún un tẹ̀, yóò rí i pé ìwé àti káàdì bára mu, etí káàdì yóò gé. Ẹ̀rọ yóò ro ogún mọ́ ìyókù láìṣiyèméjì. Àyẹ̀wò títún tẹ̀ yìí ń ṣọ́ ọ̀nà tí ó ti inú ìwé lọ sínú ẹ̀rọ. Kì í ṣọ́ ọ̀nà tí ó ti ẹnu ènìyàn lọ sínú ìwé. Ìkànìyàn 1973 mú nǹkan bí mílíọ̀nù 79.8 jáde, ìjọba Murtala Mohammed sì fagi lé e ní 1975. Ti 1991 fúnni ní nǹkan bí mílíọ̀nù 88.9. Ní 2006, wọ́n lo fọ́ọ̀mù tí ẹ̀rọ lè kà fúnra rẹ̀ àti àwòrán láti ojú òfurufú, wọ́n sì kéde 140,431,790. Síbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ní ó ní mílíọ̀nù 9, fi iye tirẹ̀ hàn pé mílíọ̀nù 17.5 ni. Láti káàdì dé ojú òfurufú, àríyànjiyàn 1962 kò kúrò nílẹ̀.

Nínú ìkànìyàn 1991 àti 2006, wọn kò béèrè ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà ẹnikẹ́ni. Àwọn kan kà á sí àbùkù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rántí ilẹ̀ Jámánì yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1939, ìjọba Hitler béèrè nínú ìkànìyàn bóyá Júù ni àwọn òbí àgbà ènìyàn, ẹ̀rọ irú ti Hollerith ni wọ́n sì fi ṣe ìṣirò ìkànìyàn náà. Iṣẹ́ alukáàdì lè mọ́ láìní àṣìṣe lẹ́tà kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ti sọ ìtọ́jú àṣírí ènìyàn di iṣẹ́ tí wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ sí, ó sì yẹ kí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dátà fi í kún ohun tí wọ́n ń lépa.

Ní ti ẹ̀kọ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe ni ó yẹ iṣẹ́ náà jù, irú ti Yábàá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1947 àti ti Ìbàdàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Ètò wọn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lo ọdún méjì, kí ó gba ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́, kí ó lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, kí ó tó padà wá fún ọdún méjì mìíràn. Láti 1973 sì ni àjọ ITF ti ń rí sí ètò tí ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́. Ọlọ́gbọ́n ni ẹni tí ó ro ọdún iṣẹ́ àárín yìí, nítorí ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń kọ́kọ́ rí ìwé tí àwọn ènìyàn gidi fọwọ́ kọ, tí nọ́ńbà 1 àti 7 inú rẹ̀ kò yàtọ̀ síra.

Ẹni tí ó kọ́ ọ ní ayé káàdì kò ní gbàgbé. Orí ìwé onílà ni yóò ti kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù kọ ìtọ́ni rẹ̀, lẹ́tà kan nínú àpótí kan. Wọn yóò lù ú sí káàdì, ìlà kan fún káàdì kan. Yóò fi rọ́bà di káàdì náà, yóò gbé e lọ sí ojú fèrèsé yàrá ẹ̀rọ, yóò sì lọ. Ó lè jẹ́ ọjọ́ kejì kí ó tó gba èsì rẹ̀ lórí ìwé gígùn. Bí ó bá gbàgbé àmì ìdánudúró kan nínú COBOL, àṣìṣe kan yẹn lè bí ogún mìíràn sórí ìwé náà, yóò sì tún padà sí ìdí ìlà. Bí káàdì bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí kò sì tí ì kọ nọ́ńbà sí ìkangun wọn, ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Ìyà ni, ṣùgbọ́n ó kọ́ wọn láti ka iṣẹ́ ara wọn kí wọ́n tó fún ẹ̀rọ.

Káàdì lọ láàárín ọdún 1980 sí 1990, lẹ́yìn tí ayára-bí-àṣá kékeré ti di ohun orí tábìlì. Ti IBM jáde ní 1981. Iṣẹ́ alukáàdì bá a lọ. Ohun kan tí káàdì fi sílẹ̀ kò tètè lọ: nítorí pé ọ̀wọ́ 80 péré ni wọ́n ní, nọ́ńbà méjì ni àwọn akọ̀tọ́ni fi ń kọ ọdún, 63 dípò 1963. Nígbà tí ọdún 2000 ń bọ̀, gbogbo ayé ná owó ńlá kí ẹ̀rọ má baà rò pé ọdún 1900 ti padà dé, wọ́n sì ń wá àwọn àgbà tí ó mọ COBOL kiri.

Ní ilẹ̀ yìí, wọ́n dá àjọ NABTEB sílẹ̀ ní 1992 láti máa ṣe ìdánwò àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ, iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ WAEC àti àwọn àjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀. Àjọ JAMB, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, fi pẹ́ńsùlù HB kọ́ gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí láti máa kun àpótí fún ẹ̀rọ. Ní 2013 ni ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò lójú ayára-bí-àṣá, ó sì pa ti pẹ́ńsùlù tì ní 2015. Ní 2011, ètò ẹ̀kọ́ tuntun sọ Data Processing di ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà lè yàn nígbà náà. Ọdún 2014 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdánwò rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó yàn án, nítorí pé olùkọ́ tí ó bá kọ́ iṣẹ́ náà ṣọ̀wọ́n, ẹni tí ó kọ́ ìṣirò tàbí ìmọ̀ ìdókòwò ni ó ń kọ́ wọn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí iná kò sí, ẹfun ni olùkọ́ fi ń ya bọ́tìnnì ẹ̀rọ sí ojú pátákó, ní ìlà-ìlà, tí àwọn ọmọ sì ń yà á sínú ìwé wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni yóò bá àwọn tí ó ti ń tẹ ẹ̀rọ láti kékeré jókòó ìdánwò kan náà.